Ìjọra Kì í Ṣe Ìbátan: Ẹjọ́ Èdè Oromo àti Èdè Húngárì

Ó máa ń dùn mọ́ni kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá, kí ọ̀rọ̀ náà sì jọ ti ilé ẹni. Kíá, ara á ti yá gágá. A ó ní, “Hẹ̀n-ẹ́n, ṣé ẹ rí i pé ọ̀kan náà ni wá látijọ́!” Kò sí ohun tó burú nínú ayọ̀ yìí. Ìgbà tí a bá sọ ayọ̀ di ẹ̀rí ni ìjà dé. Ọ̀pọ̀ àfiwé èdè ni mo ti kà tó jẹ́ pé ayọ̀ nìkan ni òǹkọ̀wé gbé dání wá sí ilé ẹjọ́, kò mú ẹlẹ́rìí kankan lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí á jọ tú irú àfiwé bẹ́ẹ̀ wò lónìí. Èdè méjì tí mo mú ni èdè Oromo, tí wọ́n ń sọ ní Etiópíà àti ní apá àríwá Kẹ́ńyà, àti èdè Húngárì, tí wọ́n ń sọ ní àárín ilẹ̀ Yúróòpù.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn méjì yìí? Nítorí pé òkun àti aṣálẹ̀ ló wà láàárín wọn, síbẹ̀ bí a bá fi ojú lásán wò wọ́n, wọ́n jọra ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Oromo ni èdè abínibí tí àwọn tó ń sọ ọ́ pọ̀ jù lọ ní Etiópíà. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù 30. Àwọn tó ń sọ èdè Húngárì tó bíi mílíọ̀nù 13, nítorí wọn kò mọ sí Húngárì nìkan, wọ́n wà ní Ròmáníà, Slovakia àti Sẹ́bíà pẹ̀lú.

Ẹ gbọ́ ná. Nínú èdè méjèèjì, fífa fáwẹ́lì gùn tàbí títẹ kọ́nsónáǹtì mọ́lẹ̀ lè yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà pátápátá. Lédè Oromo, ‘lafa’ ni ilẹ̀ tí à ń tẹ̀. Bí a bá fà á gùn tó di ‘laafaa’, ohun tó rọ̀ ni. ‘Badaa’ ni ohun tí kò dára. Bí a bá tẹ d rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó di ‘baddaa’, a ti gun òkè lọ, nítorí ilẹ̀ olókè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èyí tó wù mí jù ni ‘bite’ àti ‘bitte’. Bí ọkùnrin bá ra nǹkan, ‘bite’ ni wọn ó wí. Bí obìnrin bá rà á, ‘bitte’ ni. T kan ṣoṣo tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ya ọkọ sọ́tọ̀ lára aya! Lédè Húngárì náà, ‘megy’ ni “ó ń lọ”, ‘meggy’ sì ni èso pupa kékeré kan tó máa ń kan lẹ́nu. ‘Örült’ ni “inú rẹ̀ dùn”. ‘Őrült’ ni wèrè. Kí àlejò wọn rọra o, kó má baà fẹ́ sọ pé inú ìyàwó olóyè dùn, kó wá pè é ní wèrè. Àwa tí à ń pe ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́, a mọ irú wàhálà tí èyí máa ń dá sílẹ̀.

Ohun kejì ni pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni àwọn méjèèjì ń di ẹrù mọ́. Ní tiwa, iwájú ni àfòmọ́ pọ̀ sí: olè, oníṣòwò, àìsàn. Ní tiwọn, ‘mana’ ni ilé lédè Oromo, ‘manatti’ ni “sí ilé”; ‘ház’ ni ilé lédè Húngárì, ‘házban’ ni “nínú ilé”. Bí iye bá sì ti wà nínú ọ̀rọ̀, méjèèjì kì í fi àmì ọ̀pọ̀ kún un mọ́: ‘mana sadii’, ‘három ház’, ilé mẹ́ta. Lẹ́tà Látìn ni méjèèjì fi ń kọ̀wé, wọ́n sì jọ ní ‘ny’ pàápàá. Ẹni tó bá kó gbogbo èyí jọ, tó sì fẹ́ràn ariwo, ó ti rí àkọlé ìwé rẹ̀ nìyẹn.

Èmi kò gbà. Ẹ jẹ́ kí á tú ẹrù ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yẹn wò dáadáa. Ará Húngárì tó bá fẹ́ sọ pé “nínú àwọn ilé mi”, á bẹ̀rẹ̀ láti orí ‘ház’, ‘házam’ di “ilé mi”, ‘házaim’ di “àwọn ilé mi”, ‘házaimban’ ni gbogbo rẹ̀ parí sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Oromo ńkọ́? ‘Manneen koo keessa’. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dá dúró: ‘manneen’ ni àwọn ilé, ‘koo’ ni “mi”, ‘keessa’ ni “inú”. Bí a bá fẹ́ sọ pé ilé ńlá, Oromo á ní ‘mana guddaa’, gẹ́gẹ́ bíi tiwa, ilé ṣáájú, ńlá tẹ̀ lé e. Húngárì á ní ‘nagy ház’, ńlá ló ṣáájú. Tó bá jẹ́ ìtò ọ̀rọ̀ nìkan la fẹ́ fi ṣèdájọ́, Ìbàdàn ni Oromo ìbá kọjá sí.

Ẹ tún wo ti olùwà àti àbọ̀. Kìnnìún àti ènìyàn pàdé nínú igbó, ọ̀kan pa èkejì. Ta ló pa ta? Lédè Yorùbá, ipò tí ọ̀rọ̀ wà ló ń sọ ọ́. Oromo á ní ‘Namni leenca ajjeese’ bó bá jẹ́ pé ènìyàn ló pa kìnnìún. Bó bá jẹ́ pé kìnnìún ló pa ènìyàn, ‘Leenci nama ajjeese’. Ẹni tó pani ni wọ́n fi àmì sí lára. Ẹni tí wọ́n pa wà ní ìhòòhò bó ṣe wà. Húngárì á ní ‘Az ember megölte az oroszlánt’ fún ti àkọ́kọ́, ‘Az oroszlán megölte az embert’ fún ti èkejì. Ẹ wo t tó wà ní ìparí: ẹni tí wọ́n pa ni wọ́n so ó mọ́. Ọ̀nà tí Oromo gbà dá a mọ̀ ni Húngárì yí po. Ẹni tó bá kàn sọ pé “àwọn méjèèjì ń fi àmì sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀”, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò wo ohun tí àmì náà ń ṣe. Bí alágbẹ̀dẹ ìlú méjì bá jọ ń lo òòlù, a kì í tìtorí rẹ̀ wí pé bàbá kan náà ló bí wọn.

Ní ti ìró, ọ̀nà wọn jìn síra. Oromo ní àwọn kọ́nsónáǹtì tí wọ́n máa ń tì jáde pẹ̀lú ọ̀fun pípadé, àwọn tí wọ́n ń fi x, q àti c kọ. Dh wọn sì jẹ́ èyí tí èémí ń wọlé bọ̀. Kò sí irú rẹ̀ kankan lẹ́nu ará Húngárì. Ohun tí òun ní tí Oromo kò ní ni pé fáwẹ́lì inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń yan ẹgbẹ́. ‘Ház’ á gba ‘-ban’, ‘kéz’, èyí tí í ṣe ọwọ́, á gba ‘-ben’: ‘házban’, ‘kézben’. Àwa náà mọ irú èyí díẹ̀, nítorí nínú ọ̀rọ̀ bí ẹsẹ̀, ejò, ọkọ̀ àti owó, e kì í fẹ́ bá ẹ gbélé, o kì í fẹ́ bá ọ gbélé.

Bí mo ti dé ibí yìí, mo fẹ́ dẹ pańpẹ́ kékeré kan fún àwọn tó fẹ́ràn ìjọra. Lédè Oromo, ‘inni’ ni ọkùnrin, ‘isheen’ ni obìnrin, wọn kì í sì í pa á pọ̀. Húngárì kò mọ̀yàtọ̀ akọ àti abo. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún baba àti fún ìyá. Kí ni ọ̀rọ̀ náà? ‘Ő’. Ẹ gbọ́ mi o: ‘ő’ ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe nǹkan, ọkùnrin tàbí obìnrin, àwa náà sì ní “ó lọ”, “ó wá”, ọkùnrin tàbí obìnrin. Ìtumọ̀ bára mu, ìlò bára mu, ìró fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, a sì tún ti rí i pé fáwẹ́lì tiwa náà ń yan ẹgbẹ́. Ṣé kí á wá máa lọ kí àwọn ẹbí wa ní Budapest? Rárá o. Bí kò bá jẹ́ ẹ̀rí fún wa, kò lè jẹ́ ẹ̀rí fún Oromo, tí ìjọra tirẹ̀ kò tilẹ̀ tó èyí.

Báwo wá ni à ṣe ń mọ ẹbí? Ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn lọ yá lọ́wọ́ aládùúgbò ni ká kọ́kọ́ bi. Kí Oromo ka iye: ‘lama, sadii, afur, shan’, ìyẹn èjì títí dé àrún. Kí Húngárì kà tirẹ̀: ‘kettő, három, négy, öt’. Ta ló gbọ́ ohun kan níbẹ̀? Ẹ wá pe ará Sòmálíà, kó kà tirẹ̀: ‘laba, saddex, afar, shan’. Ẹ̀jẹ̀ ni ‘dhiiga’ fún Oromo, ‘dhiig’ fún Sòmálì. Ẹbí ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìjọra nìkan kò tó níbí yìí náà, nǹkan mìíràn ló lágbára jù ú lọ. Ẹja ni ‘hal’ lédè Húngárì, ‘kala’ ni lédè Fínlándì. Ẹni tó ń wá ìjọra lè fojú fò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀ta ni ‘három’, ‘kolme’. Ẹ̀fà ni ‘hat’, ‘kuusi’. Níbi tí Fínlándì bá ti ní k níwájú irú fáwẹ́lì wọ̀nyẹn, h ni Húngárì ń mú wá. Igi ni ‘fa’, ‘puu’; orí ni ‘fej’, ‘pää’; ìtẹ́ ẹyẹ ni ‘fészek’, ‘pesä’: p lọ́hùn-ún, f níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan lè bá òmíràn ṣe kòńgẹ́, àmọ́ ìyàtọ̀ kan náà tó ń tẹ̀lé òfin kan náà nínú ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, kòńgẹ́ kọ́. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀wọ̀ ni a ń pe ìlú wọn, Ọ̀ghọ̀ ni ọmọ ibẹ̀ ń pè é. Ọwọ́ wa, ọghọ́ wọn. Ìyàtọ̀ tó létò yìí gan-an ló ń sọ pé ọ̀kan náà ni wá.

Fún Oromo, ẹ̀rí kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. ‘Deeme’ ni “ó lọ”, bó bá jẹ́ ọkùnrin. ‘Deemte’ ni bó bá jẹ́ obìnrin, ‘deemte’ kan náà ló sì tún jẹ́ “ìwọ lọ”. ‘Deemne’ ni “a lọ”. Ẹ wá wo ti Lárúbáwá: ‘taktubu’ ni obìnrin ń kọ̀wé, ‘taktubu’ kan náà ni ìwọ ọkùnrin ń kọ̀wé, ‘naktubu’ ni àwa ń kọ̀wé. Kí ló dé tí “ìwọ” àti “obìnrin yẹn” fi ń jẹ t kan náà nínú àwo kan? Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Ogún ni, irú ogún tí kò wúlò títí tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé òun lọ rà á lọ́jà. Hausa náà ní díẹ̀ nínú rẹ̀: ‘ya tafi’ ni ọkùnrin lọ, ‘ta tafi’ ni obìnrin lọ. Agbo ilé kan náà ni Oromo, Sòmálì, Hausa, Lárúbáwá, Hébérù àti èdè Íjíbítì àtijọ́ wà, agbo ilé tí wọ́n ń pè ní Afro-Asiatic. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń wá ìbátan Oromo, Kánò ni kí ẹ wọkọ̀ lọ.

Húngárì ní tirẹ̀, ibi tí wọ́n bá ẹbí rẹ̀ kò dùn mọ́ ọn nínú rárá. Ní ọdún 1769, àlùfáà kan tó ń jẹ́ János Sajnovics bá ọ̀gá rẹ̀ Maximilian Hell lọ sí Vardø, ní òkè téńté ilẹ̀ Nọ́wè, láti wo ìràwọ̀ Venus bí ó ti ń kọjá níwájú oòrùn. Ojú ọ̀run ni wọ́n bá lọ, ilẹ̀ ni Sajnovics ti rí nǹkan he. Ó fetí sí èdè àwọn Sámi tó ń gbé níbẹ̀, ó sì tẹ ìwé kan jáde ní Copenhagen ní 1770 pé èdè wọn àti ti Húngárì jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú ilé fárígá. Àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ jagunjagun Attila, kí ẹnìkan wá sọ wọ́n di ẹbí apẹja! Wọ́n ní ìbátan náà ń rùn bí ẹja. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tó jiyàn lórí ‘hal’ àti ‘kala’. Imú ni wọ́n fi ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Láti bí 1870, Ármin Vámbéry, akíkanjú tó ti múra bí alùfáà Mùsùlùmí láti wọ Bukhara àti Samarkand, gbé e dìde pé Tọ́kì ni Húngárì bá tan. Ó ní ọ̀rọ̀ lọ́wọ́: ‘alma’ ni èso ápù, ‘elma’ ni Tọ́kì ń pè é, ‘oroszlán’ tó pa ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, ‘aslan’ ni. József Budenz ló dá a lóhùn. Ọmọ Jámánì ni Budenz, kò ní bàbá ńlá kankan tó ń gbèjà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí Húngárì bá Tọ́kì pín jẹ́ èyí tí ènìyàn ń rí gbà nígbà tó bá jọ ń gbé àdúgbò: èso, àlìkámà, akọ màlúù. Kìnnìún kúkú kì í ṣe ẹran igbó Húngárì. Ṣùgbọ́n ọwọ́, ẹ̀jẹ̀, ẹja, iye, ọ̀nà àríwá ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Àwọn tó sún mọ́ wọn jù ni Khanty àti Mansi, àwọn apẹja àti ọdẹ létí odò Ob ní Sìbéríà, níbi tí ẹ̀ta ti ń jẹ́ ‘hurum’, tí ẹja ń jẹ́ ‘hul’. Budenz ló borí.

Èyí tó kan àwa ọmọ Áfíríkà jù ló kù yìí. Nígbà tí ọ̀tọ̀kùlú Húngárì ń wá bàbá tó lókìkí fún ara rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá a. Ní ti Oromo, ẹlòmíràn ló bá a wá bàbá, kì í sì í ṣe nítorí ìfẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù rí àwọn èdè kan nílẹ̀ wa tí gírámà wọn kún fọ́fọ́, tó ń ya akọ sọ́tọ̀ lára abo, wọ́n ní èyí kò lè jẹ́ ti ènìyàn dúdú, àtọ̀húnrìnwá ni. Wọ́n pè wọ́n ní ọmọ Hámù, wọ́n ní àwọn wọ̀nyí ló gbé ọ̀làjú wọlé. Ní 1912, Carl Meinhof ará Jámánì kọ odidi ìwé lórí èdè àwọn ọmọ Hámù yìí, ó sì kó Fúlàní, Maasai àti Nama mọ́ Sòmálì. Ẹran ọ̀sìn tí wọ́n ń dà àti ìrísí wọn wà lára ohun tó ti èrò náà lẹ́yìn. Ní 1963 ni ìwé Joseph Greenberg tú gbogbo rẹ̀ ká nípa wíwo ọ̀rọ̀ àti àfòmọ́ nìkan, láìbi àwọ̀ tàbí màlúù léèrè. Ẹ sì mọ ibi tó kó Fúlàní sí? Inú ẹbí Niger-Congo, ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá.

Nítorí náà, bí mo bá rí ẹni tó ń yára so èdè Áfíríkà mọ́ ti Yúróòpù torí pé àfòmọ́ rẹ̀ pọ̀, mo máa ń bi ara mi pé, kí ló ń wá gan-an? Àwa náà kúkú ti ṣe irú rẹ̀. J. Olumide Lucas, nínú ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀sìn Yorùbá tó jáde ní 1948, kó ọ̀rọ̀ jọ láti fi hàn pé Íjíbítì àtijọ́ ni a ti ṣẹ̀ wá. Akínkanjú ni bàbá náà, iṣẹ́ tó ṣe kò kéré, ìfẹ́ ìran rẹ̀ ló sì gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọra ẹyọ ọ̀rọ̀ ni, kò sí òfin ìyàtọ̀ kankan tó mú un dúró.

Àfiwé kan wà láàárín Oromo àti Húngárì tí mo lè fọwọ́ sí, òun ni ti bí wọ́n ṣe dé orí ìwé. Húngárì ti ń kọ èdè wọn láti nǹkan bí 1195, tí wọ́n kọ ìwàásù ìsìnkú kan tó ṣì wà títí di òní. Síbẹ̀ Látìn ni ìjọba ń lò, ó sì tó 1844 kí èdè ilé tó gorí àga. Ní 1784, Ọba Joseph kejì ti gbìyànjú láti fi Jámánì dípò Látìn. Ariwo náà pọ̀ débi pé ó gbé àṣẹ rẹ̀ kúrò ní 1790. Ferenc Kazinczy àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló jókòó ti iṣẹ́ dídá ọ̀rọ̀ tuntun, kí èdè náà lè gba òfin, ìmọ̀ àti ìwé. Òun náà ṣẹ̀wọ̀n ọ̀pọ̀ ọdún nítorí ọ̀ràn ìṣèlú.

Ti Oromo le jù bẹ́ẹ̀. Amharic ni èdè ìjọba ní Etiópíà, èdè tó jẹ́ ọmọ agbo Afro-Asiatic kan náà. Jíjẹ́ ẹbí kò ní kí ó má tẹ̀ ẹ́ rì. Nígbà ayé Haile Selassie, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n fi Oromo kọ́ni nílé-ìwé tàbí kí wọ́n fi ṣẹjọ́. Síbẹ̀ Onesimos Nesib ti túmọ̀ odidi Bíbélì sí i, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Switzerland ní 1899. Ẹrú ni wọ́n ti fi í ṣe láti kékeré kó tó gba òmìnira, gẹ́gẹ́ bíi ti Àjàyí Crowther wa. Aster Ganno, ọmọbìnrin tí òun náà bọ́ lóko ẹrú, ló ràn án lọ́wọ́ jù. Nígbà tí ìjọba Haile Selassie ṣubú ní 1974, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ìwé ìròyìn Bariisaa sì bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Amharic ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà tí Onesimos náà lò.

Kí ló ṣe lẹ́tà náà? Ó rẹwà, ó sì ti pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀nà tó fi ń fi kọ́nsónáǹtì tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ hàn, kò sì lè ya fáwẹ́lì gígùn sọ́tọ̀ lára kúkúrú. ‘Badaa’ àti ‘baddaa’, ọ̀kan náà ni lórí ìwé. Ọkọ rà á, aya rà á, òǹkàwé ni yóò máa méfò. Húngárì náà ti bá ìyà yìí pàdé lọ́wọ́ Látìn, tó fi jẹ́ pé ó ń so lẹ́tà méjì méjì pọ̀, ó ń fi àmì sórí fáwẹ́lì, títí dé ilà méjì tó wà lórí ‘ő’. Ní oṣù kọkànlá 1991, lẹ́yìn tí ìjọba ológun ti lọ, àwọn ọmọ Oromo péjọ ní Addis Ababa, wọ́n sì fẹnu kò sí lẹ́tà Látìn tí wọ́n ń pè ní Qubee. Wọn kò fi àmì sórí ohunkóhun. Fáwẹ́lì gígùn, wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́nsónáǹtì tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà náà ni ọmọ ilé-ìwé ti ń kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́: t kan fún bàbá tó lọ sọ́jà, t méjì fún ìyá.